Ojú Tó Mọ Ère Wò

Ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta ohun ìṣeré ọmọdé ní Ògùnpa nílùú Ìbàdàn, ẹ ó rí Woody àti Buzz Lightyear nínú ọ̀rá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1995 ni Toy Story, fíìmù tí wọ́n ti wá, jáde. Mo fẹ́ràn oníbàárà tó mọ irú ère bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò. Ojú ère ló kọ́kọ́ ń wò. Rọ́bà rírọ̀ tó ti gba ọ̀dà ni ẹ̀rọ fi ń tẹ ẹyinjú mọ́ ọn. Bó bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, Woody ti di ẹlòmíì. Oníbàárà náà á fi èékánná tọ ojú ibi tí ike ti pàdé, á ká apá Buzz kò, á gbé e nàró wò bóyá yóò ṣubú.

Irú àyẹ̀wò yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Robert Farris Thompson, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa ohun tó ń mú ère dára, ó sì tẹ èsì wọn jáde ní 1973: kó jọ èèyàn níwọ̀ntúnwọ̀nsì, kí ojú àti imú hàn ketekete, kó dán, kó gún. Ẹ wo ère ìbejì: orí ńlá, ara àgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbejì ọmọ ọwọ́ tó kú ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún.

Nítorí náà, orí ràgàjì tí àwọn ère ìṣeré Funko Pop ń gbé kò bà mí lẹ́rù. Ẹnu tí púpọ̀ nínú wọn kò ní ló ń dùn mí. Ojú dúdú róbótó nìkan kò tó. Woody ni màá rà.