Ìdákẹ́, Ọ̀rọ̀ àti Ìwòsàn: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Àwọn Tí Ó La Ìfipábánilòpọ̀ Já Nínú Ìwé Lola Shoneyin àti Maya Angelou

Ìfáàrà

Òwe méjì wà láwùjọ Yorùbá tí wọ́n máa ń takora bí ọ̀rọ̀ bá kan ìfipábánilòpọ̀. Èkíní ni pé gbogbo aṣọ kọ́ ni à ń sá lóòrùn. Èkejì ni pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Òwe kìíní ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń dì mú, nítorí pé wọn kò fẹ́ kí orúkọ ọmọ wọn di ohun tí wọ́n ń sọ kiri àdúgbò. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó fi òwe méjèèjì yẹ ìwé méjì wò. Ọ̀kan ni The Secret Lives of Baba Segi's Wives, ìtàn-àròsọ tí Lola Shoneyin gbé jáde ní ọdún 2010, tí ìlú Ìbàdàn sì jẹ́ ibùdó ìtàn rẹ̀. Èkejì ni I Know Why the Caged Bird Sings, ìtàn ìgbésí ayé Maya Angelou, ọmọ aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní ọdún 1969. Èrò wa ni pé ìdákẹ́ lè jẹ́ ibi ìsádi fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè wo ọgbẹ́ sàn. Àti pé irú ẹni tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ṣe pàtàkì tó ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀.

Èdè tí a fi ń sọ ọ́

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo èdè tiwa. Ọ̀rọ̀ náà 'ìfipábánilòpọ̀' dára, nítorí pé ó dárúkọ ipá tí wọ́n lò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé 'wọ́n ti ba ọmọ náà jẹ́', tàbí pé 'wọ́n ti gba ìbálé rẹ̀'. Nínú gbólóhùn kìíní, ọmọ náà ni nǹkan tí ó bàjẹ́. Ohun tí ó bá sì ti bàjẹ́, ààtàn ni à ń dà á sí. Nínú èkejì, ìbálé di ẹrù tí wọ́n jí kó, bí ẹni pé ọkọ ọjọ́ iwájú ni olówó ẹrù. Ẹni tí nǹkan ṣe ti pòórá nínú gbólóhùn méjèèjì. Ìdí nìyí tí a fi yàn láti máa pè é ní 'ẹni tí ó là á já'. Orúkọ yìí gbà pé ewu wà, ó sì gbà pé ẹni náà ṣì wà láàyè.

Bọ́láńlé: ìwòsàn ní ìkọ̀kọ̀

Nígbà tí Bọ́láńlé wà ní ọmọ ọdún 15, ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí fi ọkọ̀ gbé e, ó sì fipá bá a lò pọ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Lẹ́yìn tí ó jáde ní yunifásítì, ó ya ìyá rẹ̀ lẹ́nu nígbà tí ó lọ di ìyàwó kẹrin Bàbá Ṣẹ́gi, ọkùnrin olówó tí kò kàwé. Òǹkọ̀wé jẹ́ kí a rí i pé kì í ṣe owó ni ó gbé e débẹ̀. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní bi í léèrè ni ó ń wá, kí ọgbẹ́ rẹ̀ lè jinná láìsí ẹlẹ́rìí.

Ọgbọ́n ìsọ̀tàn Shoneyin hàn níbí. Kò jẹ́ kí Bọ́láńlé nìkan sọ ìtàn. Àwọn ìyàwó yòókù náà ń sọ tiwọn, òǹkàwé sì ń rí i díẹ̀díẹ̀ pé ilé tí ọmọbìnrin yìí sá sí, orí àṣírí ni wọ́n kọ́ ọ lé. Àyẹ̀wò àìríbí tí wọ́n ṣe fún un ni ó tú u fó pé Bàbá Ṣẹ́gi kò lè bímọ, àti pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ méje inú ilé náà tí ó jẹ́ tirẹ̀. Májèlé tí wọ́n sè fún Bọ́láńlé ni ó pa Ṣẹ́gi. Ìdákẹ́ inú ilé yìí ń pa ọmọ. Nígbà tí Bọ́láńlé fi ilé ọkọ sílẹ̀ ni ayé rẹ̀ tó padà sí ọwọ́ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ sọ pé ilé ni yóò ti bá ọlá. Ìtàn náà bi wá pé ilé wo ni?

A gbé oríyìn fún òǹkọ̀wé, síbẹ̀ àlèébù kan wà. Ọkùnrin tí ó fi ọkọ̀ gbé Bọ́láńlé kò jẹ́jọ́. Bọ́láńlé gba òmìnira, ṣùgbọ́n ìwé náà kò fi olùtẹ́tísílẹ̀ gidi kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Maya: olùkọ́ tí kò wádìí

Ti Maya yàtọ̀. Ọmọ ọdún 8 ni nígbà tí ọkùnrin tí ó ń bá ìyá rẹ̀ gbé ní ìlú St. Louis fipá bá a lò pọ̀, tí ó sì halẹ̀ pé òun yóò pa Bailey, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí ó bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún kan àti ọjọ́ kan fún ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n wọ́n fi í sílẹ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi bá òkú rẹ̀. Ọmọ náà gbà pé ohùn òun ni ó pa á, nítorí náà ó dákẹ́. Angelou sọ lẹ́yìn náà pé ó tó nǹkan bí ọdún 5.

Ìdájọ́ wáyé, ìwòsàn kò tẹ̀ lé e. Ní ìlú Stamps ni ìyáàfin kan, Bertha Flowers, ti pè é wá sílé. Ó fún un ní ohun jíjẹ, ó ka ìwé sí i létí, ó yá a ní ìwé, ó sì ní kí ó há ewì kan sórí wá kà fún òun. Kò bi í léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó kàn fi hàn án pé ohùn rẹ̀ wúlò. Ìwé kíkà àti ewì di ìtọ́jú tí ọmọ náà lè máa fún ara rẹ̀.

Ta ni ó ni aṣọ?

Bí a bá fi ìtàn méjèèjì wé ara wọn, òwe méjèèjì kò takora mọ́. Ìyáàfin Flowers kò sá aṣọ Maya lóòrùn, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fi í sílẹ̀ nínú ìdákẹ́. Àṣírí jẹ́ ohun ìní ẹni tí ó là á já: òun ni ó ni aṣọ, òun ni yóò yan èyí tí yóò sá. Ìdákẹ́ tí òbí, ọkọ tàbí àwùjọ fi tipátipá bò ó mọ́lẹ̀ jẹ́ ipá kejì lórí ipá àkọ́kọ́.

Èyí kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tọ̀ wá wá, 'Kí ni o wá dé ibẹ̀?' kọ́ ni ìbéèrè wa. Kí a gbà á gbọ́, kí a má ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́, nítorí pé ọmọdé nílò ààbò, kí a sì tètè mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà. Oògùn tí ó lè dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72. Láti ọdún 2013 ni Mirabel Centre ti wà ní ọgbà ilé-ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà fún ìtọ́jú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Òfin àpapọ̀ ti ọdún 2015 lórí ìwà ipá sí ènìyàn sì fẹ ìtumọ̀ ìfipábánilòpọ̀ lójú, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kan ọkùnrin tí wọ́n ṣe é sí pẹ̀lú.

Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìwé méjèèjì ń bá òwe wa jiyàn, wọ́n sì ń tún un túmọ̀. Bọ́láńlé wá ibi tí wọn kò ti ní bi í léèrè, ó bá ilé àṣírí pàdé. Maya rí ẹni tí kò bi í léèrè, ó sì rí ohùn rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn ni pé ẹnì kan jókòó ti Maya. Iṣẹ́ tí ó wà níwájú àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lónìí ni láti jẹ́ ẹni náà.