Ìgbà Wo Ni Káàdì Àwòrán Gbó?

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Crytek ti Jámánì gbé eré Crysis jáde ní 2007, tipátipá ni kọ̀ǹpútà alágbára fi ń gbé ẹwà igbó inú rẹ̀ ní kíkún. Síbẹ̀, ẹni tí káàdì àwòrán rẹ̀ kò tó lè dín ẹwà náà kù, kí ó sì ṣeré: bí a kò rí àdán, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ṣùgbọ́n Indiana Jones and the Great Circle ti 2024 sọ káàdì tí ó ní ẹ̀yà tí ń ṣírò ìrìn ìmọ́lẹ̀ di dandan. GTX 1080 Ti, akọni ọdún 2017, kò ní in. Ewé tí ó túbọ̀ ń dán kò tó ìdí láti pààrọ̀ káàdì; ilẹ̀kùn tí a tì ni ìdí. Kí oníṣẹ́ ọnà tí ó tì í rántí pé owó ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.