Socrates àti Ọ̀rúnmìlà: Ọ̀rọ̀ Orí Yíyàn

Ní ọdún 2014 ni Sophie Olúwọlé, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ní Yunifásítì Èkó ní Akọkà, lágbègbè Yábàá, gbé ìwé rẹ̀ jáde lórí Socrates ará Gíríìsì àti Ọ̀rúnmìlà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Yorùbá ni ó ń sọ. Òǹkọ̀wé náà ti di olóògbé láti oṣù Kejìlá ọdún 2018. Ìjà tí ó jà kò tí ì parí. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan a máa sọ pé ẹ̀yà tí kò kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀ kò ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kankan. Èsì Olúwọlé kò lọ́jú pọ̀: Socrates pẹ̀lú kò kọ ohunkóhun sílẹ̀. Plato, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ni ó kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn ará Athens ti dá a lẹ́bi ikú ní ọdún 399 ṣáájú ìbí Jésù. Bí a kò bá torí èyí yọ Socrates lẹ́gbẹ́, èwo ni ti Ọ̀rúnmìlà?

Ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó ni bí òǹkọ̀wé ṣe mú Ọ̀rúnmìlà bí ẹnì kan tí a lè gbé kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ Socrates. Plato jẹ́ òǹkọ̀wé kan ṣoṣo, ó sì mọ ohun tí ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ṣe. (Xenophon náà kọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò jinlẹ̀ tó ti Plato.) Ẹsẹ Ifá ti ẹnu ọ̀pọ̀lọpọ̀ babaláwo jáde, láti ìlú dé ìlú àti láti ìran dé ìran. Nítorí náà, ìtàn ni ó yẹ kí a fi wé ìtàn. Iṣẹ́ lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ sì nìyẹn.

Ní ìparí ìwé Plato tí ń jẹ́ Republic, jagunjagun kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Er. Ó kú lójú ogun, ó sì jí ní ọjọ́ kejìlá lórí igi tí wọ́n fẹ́ fi sun òkú rẹ̀. Ó ròyìn bí àwọn ọkàn tí ń padà bọ̀ wá sáyé ṣe ń yan irú ìgbésí ayé tí wọn yóò gbé, àti bí wọ́n ṣe ń mu omi ìgbàgbé kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀. Yorùbá wo ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní pariwo àkúnlẹ̀yàn? Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ sínú ìdáhùn rẹ̀ pé ọ̀kan náà ni méjèèjì ti yára jù.

Gbangba ni wọ́n tẹ́ àwọn ìgbésí ayé sílẹ̀ nínú ìtàn Er. Ẹni tí ó kọ́kọ́ yàn fi ìwàǹwara mú ipò ọba òǹrorò. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ó rí i pé yóò jẹ ọmọ ara rẹ̀. Olùkéde sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí ó yàn ni ó lẹ̀bi, ọlọ́run kọ́. Ẹ wá wo odù Ògúndá Méjì tí Wándé Abímbọ́lá gbà sílẹ̀. Oríṣeékú, Orílèémèrè àti Àfùwàpẹ́ ń lọ sí ilé Àjàlá. Amọ̀kòkò ni Àjàlá, onígbèsè paraku sì ni. Òmíràn nínú orí tí ó mọ kò jinná, òmíràn ti sán, ojú lásán kò sì lè mọ èyí tí ó dára. Àwọn méjì àkọ́kọ́ gbé èyí tí ó wù wọ́n, òjò sì bà á jẹ́ lọ́nà. Àfùwàpẹ́ nìkan ni ó yà lọ́dọ̀ Ọ̀rúnmìlà baba rẹ̀, tí ó rú owó àti iyọ̀. Ó bá oníbodè tí ń fi eérú se ọbẹ̀, ó fún un ní iyọ̀. Ó bá olówó Àjàlá nílé, ó san gbèsè náà. Àjàlá fúnra rẹ̀ ni ó bá a ṣa orí rere. Plato fẹ́ kí ènìyàn ti gbọ́n kí ó tó dé ibi yíyàn. Ifá ní kí ó bèèrè lọ́nà, nítorí ọgbọ́n ẹnì kan kò lè rí inú amọ̀.

Plotinus, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Alexandria ní ilẹ̀ Íjíbítì kí ó tó lọ kọ́ni ní Róòmù ní ọ̀rúndún kẹta, mú ẹ̀kọ́ Plato jinlẹ̀ wọ inú awo. Ó ní apá kan ọkàn ènìyàn kì í sọ̀kalẹ̀ wá sáyé rárá. Ẹni tí ó mọ ẹnìkejì ẹni lọ́run yóò mi orí sí i. Síbẹ̀, Porphyry ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ròyìn pé ó dà bí ẹni pé ojú ń ti Plotinus pé ó wà nínú ara, kò tilẹ̀ gbà kí wọ́n ya àwòrán òun. Alátakò lè fi òwe dáhùn pé ayé lọjà, ọ̀run nilé. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ará Múṣin tí ó jí lọ sí ọjà Ojúwòyè kò lọ kí ojú ọjà lè tì í. Èrè ni ó ń wá. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ Olúwọlé ti lágbára jù lọ: ó ní èrò Yorùbá kì í ya ohun tí a fojú rí àti ohun tí a kò fojú rí nípá bí ọ̀tá, bí kò ṣe bí ìkejì ara wọn. Orí tí Àfùwàpẹ́ gbà lọ́run, ilé ayé ni ó ti fi là.