Ta Ló Ni Eré Àtijọ́? Ìdíje Ẹgbẹ́ Òṣèré láti Niamey dé Òṣogbo

Bí ẹgbẹ́ òṣèré méjì bá gbé eré àtijọ́ kan náà padà sórí ìtàgé, ìjà ta-ni-ojúlówó ni ó kọ́kọ́ máa ń bẹ́ sílẹ̀ láàrin wọn. Ọ̀kan á ní àwọn ni àrólé olùdásílẹ̀. Èkejì á ní ọ̀dọ̀ àwọn ni àwọn àgbà òṣèré rẹ̀ kù sí. Níbi tí òǹkọ̀wé bá ti kọ eré sílẹ̀, ìwé lè ṣe adájọ́. Irú rẹ̀ ní Niger ni Tanimoune, eré tí André Salifou fi èdè Faransé kọ ní 1973 lórí ọba Damagaram. Ṣùgbọ́n eré tí kò ní ìwé ńkọ́?

Irú eré bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀ ní Niger. Lẹ́yìn tí Seyni Kountché gba ìjọba ní oṣù kẹrin 1974, ó jí samariya, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àwọn Hausa, dìde, ó sì sọ ọ́ di apá kan ètò ìjọba. Láti ẹkùn méje tí orílẹ̀-èdè náà pín sí nígbà náà, Niamey, Dosso, Tahoua, Maradi, Zinder, Agadez àti Diffa, ni àwọn òṣèré, oníjó àti olórin ti ń wá figagbága níbi àjọ̀dún àwọn ọ̀dọ́. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1987, Janet Beik fi hàn pé àtẹnudá ni eré Hausa wọ̀nyí. Ẹgbẹ́ á fẹnu kò lórí ìtàn, wọ́n á pín ipa, oníkálukú á sì máa ti ẹnu ara rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ títí eré á fi gún régé.

Nínú irú eré yìí, ìdíje ni olùkọ́. Òṣèré tí ó mọ̀ pé ẹgbẹ́ ẹkùn mìíràn ń bọ̀ pẹ̀lú òwe àti àpárá kò ní ìwé kankan tí yóò sá sí. Èdè ni yóò fi jà. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ tí ìjọba fẹ́ ni ọ̀pọ̀ eré náà gbé rù. Bí ètò ìjọba bá yí padà, kókó eré á di ògbólógbòó. Èdè rẹ̀ ni yóò kù tí ó yẹ ní jíjí dìde.

Olùkọ́ Yorùbá kò gbọdọ̀ rí èyí bí ọ̀rọ̀ ilé onílé. Dúró Ládiípọ̀ gbé Ọba Kò So jáde ní Òṣogbo ní 1963. Ohùn tí a gbà sínú ẹ̀rọ ni R. G. Armstrong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn dà kọ sínú ìtẹ̀jáde 1972. Wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ sí Ọ̀mùtí, eré tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá mú jáde láti inú ìwé Amos Tutuola. Ìṣeré ẹ̀ẹ̀kan ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbé. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ. Ògúnmọ́lá kú ní 1973, Ládiípọ̀ ní 1978. Ẹgbẹ́ tí ó bá gbé ìwé mì káló lẹ́yìn wọn, ìṣeré ẹ̀ẹ̀kan náà ni ó ń tún ṣe. Èyí tí ó bá pa ọ̀rọ̀ tì, tí ó gbára lé aṣọ, bàtá àti iná ẹnu Ṣàngó, èèpo ni ó gbé sórí ìtàgé.

Ìbéèrè mẹ́ta ni alámèyítọ́ lè fi dá irú ìdíje bẹ́ẹ̀. Ṣé ohùn orin bá ohùn ọ̀rọ̀ mu, àbí orin ti sọ ọ̀rọ̀ di òmíràn? Ṣé òṣèré mọ ìtumọ̀ oríkì tí ó ń kì? Bí onílù bá yí ìlù padà, ṣé ó lè dá a lóhùn láìwojú ìwé? Ẹgbẹ́ tí ó bá yege nínú wọn ni ó ni eré náà, ì báà jẹ́ àrólé, ì báà má jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹta 2025, ìjọba ológun tí ó wà ní Niamey fi Hausa ṣe èdè orílẹ̀-èdè Niger, Faransé sì di èdè iṣẹ́ lásán. Oyè tí a kọ sínú ìwé kò fi ọ̀rọ̀ sí ọmọdé lẹ́nu. Orí ìtàgé lè ṣe é, bí àwọn tí ó mọ eré wọ̀nyí lẹ́nu bá ṣì wà láyé láti kọ́ni. Ní Niamey àti ní Òṣogbo, olùkọ́ tí ó bá gba ohùn ẹgbẹ́ méjì tí ń díje lórí eré kan náà sílẹ̀, tí ó sì gbé méjèèjì ka iwájú akẹ́kọ̀ọ́, yóò fi ohun tí ìwé kan ṣoṣo kò lè fi hàn hàn wọ́n: pé ọ̀nà tí a lè gbà sọ ọ̀rọ̀ kan kí ó sì gún ju ẹyọ kan lọ.