Ìròyìn àti Àfojúbà: Àgbéyẹ̀wò Ohun tí Àwọn Òǹwòran Ń Rántí nípa Eré Fẹlá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó kù sí: bí ẹni tí ó fojú ba nǹkan kò bá mọ ìròyìn ín ṣe, àfojúbà rẹ̀ yóò bá a wọ ilẹ̀ lọ ni. Bí ọ̀rọ̀ àwọn tí ó rí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì lójú agbo ti rí nìyí. Fẹlá kú ní ọjọ́ 2, oṣù kẹjọ, ọdún 1997. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí 'Zombie' jáde ní 1976 ti ń di ẹni àádọ́rin ọdún, ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti lọ. Ohun tí wọ́n ń sọ nípa eré náà pọ̀ jọjọ. Síbẹ̀ bí a bá gbé e yẹ̀ wò bí a ti í gbé lítíréṣọ̀ yẹ̀ wò, a ó rí i pé orin gan-an ni ó kéré jù nínú rẹ̀.

Ìròyìn náà ní àgbékalẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà, bí ẹni pé ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti kọ́ ọ. Olùsọ̀tàn a kọ́kọ́ fi yé ni pé òun dé Shrine, ìbáà ṣe èyí tí ó wà ní ilé ìtura Empire ní Ìdí-Òrò kí àwọn ọmọ ogun tó dáná sun Kalakuta ní ọjọ́ 18, oṣù kejì, ọdún 1977, ìbáà sì ṣe èyí tí ó wà ní òpópónà Pepple ní Ìkẹjà lẹ́yìn náà. Ó kan èéfín igbó tí ó gba gbogbo ilé. Ó kan àwọn obìnrin tí ń jó. Ó kan bí ààjìn ti jìn kí Fẹlá tó yọ, àti bí ariwo ti sọ nígbà tí ó yọ. Lẹ́yìn èyí ni èébú tí ó bu ìjọba, èyí tí àwọn ará Shrine ń pè ní yábíìsì. Ibì kan náà ni ìtàn máa ń parí sí: ó ṣeré títí ilẹ̀ fi mọ́.

Bí a bá wá béèrè orin tí Fẹlá kọ ní òru ọjọ́ náà, nǹkan a yí padà. Olùsọ̀tàn a dákẹ́ díẹ̀, a sì dárúkọ 'Lady', tàbí 'Water No Get Enemy', tàbí 'Zombie'. Ibí yìí gan-an ni ó yẹ kí olùgbéyẹ̀wò ti fura.

Ìdí ni pé Fẹlá ní àṣà kan tí àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ jẹ́rìí sí. Bí orin kan bá ti di àwo, ó parí lójú agbo nìyẹn. Kì í sáàbà kọ ọ́ mọ́. Orin tuntun ni yóò máa kọ, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí rà lọ́jà. Yóò máa tún un ṣe láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, yóò fi kún un, yóò yọ kúrò lára rẹ̀, títí yóò fi tó gbé lọ sí ilé ìgbohùnsílẹ̀. Àwọn èrò ilẹ̀ òkèèrè a máa pariwo pé kí ó kọ èyí tí àwọn mọ̀, kì í sì sáàbà dá wọn lóhùn.

Ó dára kí a fi èyí wé ti àwọn ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àkókò kan náà, àwọn tí orin wọn gùn bí ti Fẹlá, tí àwo kan lódindi sì lè jẹ́ bí orin kan ṣoṣo. Pink Floyd bẹ̀rẹ̀ sí ṣe 'The Dark Side of the Moon' lójú agbo ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1972; oṣù kẹta ọdún 1973 ni àwo náà tó jáde. Títí dé ibẹ̀, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwo ti jáde, àwọn olólùfẹ́ wọn ń sanwó wọlé kí wọ́n lè gbọ́ ohun tí wọ́n ti gbọ́ nílé. Ìrántí irú òǹwòran bẹ́ẹ̀ ní àwo láti gbé ara lé: ó lè sọ pé gìtá gùn ju ti inú àwo lọ, tàbí pé ohùn akọrin kò ròkè tó. Òǹwòran Fẹlá kò ní irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Orin tí ó gbọ́ lónìí lè má di àwo fún ọdún púpọ̀. 'Pansa Pansa' wà lẹ́nu Fẹlá lójú agbo láti nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1970. Inú àwo 'Underground System' ti ọdún 1992 ni ó ti tó dé ọwọ́ ẹni tí kò lè dé Shrine.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní òun gbọ́ 'Lady' lẹ́nu Fẹlá ní Ìkẹjà, nígbà tí àwo náà ti jáde láti 1972, kì í ṣe òpùrọ́ dandan, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí àwo ti gba ipò ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Ọdún gbọọrọ ni ó fi ń gbọ́ àwo nílé. Òru díẹ̀ péré ni ó lò ní Shrine. Èyí tí ó gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ti parẹ́, èyí tí ó gbọ́ nígbà ẹgbẹ̀rún ti bọ́ sí àyè rẹ̀. Ní ìdàkejì, ẹni tí ó bá ní orin kan wà tí òun kò mọ orúkọ rẹ̀, tí òun kò sì gbọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà, ẹ̀rí rẹ̀ wúwo. Irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn tí ń kó ìtàn jọ máa ń fò dá, nítorí pé kò ní orúkọ orin tí wọn yóò kọ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé eré 'Fela!' jáde ní Broadway ní 2009, tí wọ́n sì gbé e wá sí Èkó ní 2011, Shrine ọdún 1978 ni wọ́n ní àwọn ń fi hàn, ṣùgbọ́n inú àwo ni wọ́n ti kó orin rẹ̀: àwọn orin tí Fẹlá fúnra rẹ̀ ti pa tì nígbà náà wà lára èyí tí wọ́n fi sí i lẹ́nu. Àwọn tí ó wo eré náà yọ̀, wọ́n sì ní Fẹlá ni àwọn rí.

Àwọn kan wà tí ìrántí tiwọn dá lórí orin. Tony Allen, ọmọ Èkó tí ó lu ìlù fún Fẹlá fún bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, sọ ìtàn ara rẹ̀ fún Michael Veal, ìwé náà sì jáde ní 2013. Ó rántí pé nígbà tí James Brown àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí Nàìjíríà ní 1970, David Matthews tí ń bá a to orin wá dúró, ó ń wo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òun, ó sì ń kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Paul McCartney, ọ̀kan nínú àwọn Beatles àtijọ́, wá gba orin sílẹ̀ ní Èkó ní 1973. Fẹlá fẹ̀sùn kàn án pé ó wá jí orin aláwọ̀ dúdú, ọ̀rọ̀ náà kò sì rọlẹ̀ àfìgbà tí McCartney gbé ohun tí ó ń gbà sílẹ̀ fún un gbọ́. McCartney lọ sí Shrine, ó sì ti sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lẹ́yìn ìgbà náà pé nígbà tí ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ orin lẹ́yìn ìdúró pípẹ́, ńṣe ni òun bú sẹ́kún. Ìbẹ̀rẹ̀ orin ni ó pa á lẹ́kún.

Kì í ṣe pé àwọn ará ilé kò ní etí. Ẹni tí ó bá ìlù dàgbà kì í ka ìlù sí ohun tí à ń ròyìn. Ohun tí ó ṣàjèjì sí i ni ó ń rántí, èyí ni èéfín, ìhòhò àti ìwọ̀sí sí ìjọba. Àlejò, ní tirẹ̀, ìlù gan-an ni ó ṣàjèjì sí i.

Ohun tí ó yẹ kí a máa bi àwọn òǹwòran pọ̀. Nínú àwo, ìlù àti gìtá a kọ́kọ́ wọlé, fèrè a gbà á, dùùrù a gbà á, ó sì lè ju ìṣẹ́jú 10 lọ kí Fẹlá tó lanu. Ojú àwo kan kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 lọ. Lójú agbo ńkọ́, níbi tí kò sí ojú àwo tí yóò dí i lọ́wọ́? Ibo ni ó ti dá orin dúró láti bá èrò sọ̀rọ̀? Ta ni ó fi ojú pè láti fọn fèrè? Ǹjẹ́ ègbè kan náà ni àwọn elégbè gbé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Fíìmù 'Music Is the Weapon' tí wọ́n ṣe ní 1982 yà á ní Shrine Ìkẹjà, ṣùgbọ́n gígé ni ó gé orin kéékèèké. Ọ̀rọ̀ ẹnu Fẹlá ni ó gùn níbẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá nínú orin tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ èdè pijin. Ó kàn án gidigidi. Kí Fẹlá tó gba pijin mú ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Yorùbá ni ó fi ń kọ ọ̀pọ̀ orin rẹ̀, àlọ́ ajá àti ìyá rẹ̀ ni ó sì sọ di 'Àlùjọ̀njọ̀nkíjọ̀n' nínú àwo 'Afrodisiac' ti ọdún 1973. Bàbá bàbá rẹ̀, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, ti gba orin ìyìn ní èdè Yorùbá sílẹ̀ sórí àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Nínú pijin pàápàá, lílé àti ègbè kò yẹ̀. Yábíìsì rẹ̀ kò sì jìnnà sí ẹ̀fẹ̀ alẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, tàbí orin èébú ọjọ́ Òkèbàdàn, níbi tí a ti ń bú ẹni ńlá tí ẹni ńlá kò sì gbọdọ̀ bínú. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn ẹni ńlá tí Fẹlá bú bínú.

Síbẹ̀ kò yẹ kí a sáré sọ ọ́ di oníjàálá. Oníjàálá a máa tún oríkì ẹfọ̀n àti ti ẹkùn kì títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Àtúnkì ni iyì rẹ̀, inú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n a sì máa dùn láti tún gbọ́ ọ. Kíkọ̀ láti tún orin kọ kì í ṣe àṣà tí Fẹlá bá nílé, àwọn tí ó fẹ́ràn láti fi gbogbo ìṣe rẹ̀ wé ti àwọn baba ńlá sì gbọdọ̀ fèsì sí èyí. Jùjú náà yàtọ̀. Ẹni tí Ebenezer Obey tàbí King Sunny Ade bá kì níbi àríyá, orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu akọrin ni ó ń rántí, àti owó tí ó ná. Ẹni tí ó lọ sí Shrine sanwó lẹ́nu ọ̀nà, kò sí ẹni tí ó kì í. Bóyá wọ́n tilẹ̀ bú u. Nítorí náà ni ó fi ń wá ibòmíràn tí yóò fi ara rẹ̀ sí nínú ìtàn: ọlọ́pàá dé, ó fo ògiri.

Àwọn obìnrin ni ìròyìn wọ̀nyí ṣẹ̀ jù. Ijó àti ìmúra wọn nìkan ni àwọn ọkùnrin ń sọ. Bẹ́ẹ̀ àwọn ni elégbè, láìsí wọn lílé Fẹlá kò ní ìdáhùn. Nígbà tí ó gbé 27 nínú wọn níyàwó lọ́jọ́ kan ní oṣù kejì ọdún 1978, àwọn ìwé ìròyìn ka iye wọn, wọn kò ka ohùn wọn sí. Elégbè tí ó gbé ègbè orin kan fún oṣù mẹ́fà kí ó tó di àwo mọ ohun tí a yọ kúrò nínú rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni tí ó dúró nísàlẹ̀ lọ.

Kì í sì í ṣe Èkó nìkan ni ó yẹ kí ìwádìí mọ sí. Mínà jìnnà sí Shrine. Ọkọ̀ ojú irin ni ó so ó mọ́ Èkó, nítorí ibẹ̀ ni ojú irin tí ó ti Èkó bọ̀ ti pàdé èyí tí ó ti Barò lọ sí Kánò, ọ̀pọ̀ Yorùbá sì bá iṣẹ́ rélùwéè àti òwò débẹ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, àwo ni Fẹlá. Pijin inú rẹ̀ ni ó sì jẹ́ kí Núpé àti Gbàgyí tí wọ́n jọ ń gbé lè bá a gbọ́ ọ. Ẹni tí kò dé Shrine rí ní ohun kan tí òǹwòran kò ní: ìrántí àwo tí eré ojúkojú kò dà rú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń wá kókó fún àpilẹ̀kọ àṣekágbá bá mú irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ jókòó, tí ó fi àwo kan tí òǹwòran gbọ́ lójú agbo kí ó tó jáde sí àárín wọn, ibi tí òǹwòran bá ti ní 'kò rí báyìí nígbà náà' ni kí ó ti mú gègé rẹ̀.

Orí àwọn orin ìgbẹ̀yìn ni iṣẹ́ náà ti kánjú jù. Lẹ́yìn 'Underground System', Fẹlá kò ṣe àwo tuntun mọ́ títí ó fi kú, ṣùgbọ́n kò dẹ́kun orin kíkọ ní Ìkẹjà. 'Chop and Clean Mouth', 'Clear Road for Jaga Jaga' àti 'Condom Scallywag and Scatter' wà lára èyí tí ó ń kọ. Kò sí àwo tirẹ̀ tí yóò bo ìrántí wọn mọ́lẹ̀. Àwọn kan gba díẹ̀ sílẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì láàárín èrò, níbi tí ariwo ti ń bo ohùn àwọn elégbè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wà níbẹ̀ ní òru wọ̀nyí ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní àádọ́ta ọdún ni, wọ́n sì ṣì lè gbé ègbè náà bí a bá ní kí wọ́n gbé e.