Òkúta Akọ àti Ọ̀fọ̀ Ìyá: Iṣẹ́ Käthe Kollwitz

Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Àwọn àgbà kì í sọ ọ̀rọ̀ yìí létí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣaláìsí. Àṣà Yorùbá tilẹ̀ ni pé kí òbí tí irú òfò bẹ́ẹ̀ bá ṣẹ̀ má ṣe dé ojú oórì ọmọ náà, kí ojú rẹ̀ má baà máa rí ohun tí ọkàn rẹ̀ kò lè gbé. Ṣùgbọ́n ní Vladslo, ìletò kan ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, baba kan àti ìyá kan wà lórí ìkúnlẹ̀ ní ojú oórì ọmọ wọn, lójò, lẹ́ẹ̀rùn, lọ́sàn-án, lóru. Òkúta akọ ni a fi gbẹ́ wọn. Obìnrin ilẹ̀ Jámánì kan tí ń jẹ́ Käthe Kollwitz ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ojú òun fúnra rẹ̀ ni ó fi fún ìyá, ojú Karl ọkọ rẹ̀ ni ó fi fún baba, Peter ọmọ wọn ni ó sì sùn síwájú wọn.

Ìtàn náà kò gùn. Ọdún 1867 ni a bí Käthe ní Königsberg, ìlú tí ó ti bọ́ sí ọwọ́ Rọ́ṣíà lónìí, tí a sì ń pè ní Kaliningrad. Karl Kollwitz, dókítà, gbé e níyàwó ní ọdún 1891, wọ́n sì ń gbé ní àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ní Berlin, níbi tí ọkọ ti ń tọ́jú àwọn tálákà. Ọmọkùnrin méjì ni wọ́n bí, Hans àti Peter. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, ọmọ ọdún 18 ni Peter, kò sì lè wọ iṣẹ́ ológun bí baba rẹ̀ kò bá fi ọwọ́ sí i. Karl kọ̀. Ọmọ wo ojú ìyá, ìyá dìde, ó bá a bẹ baba rẹ̀. Baba gbà. Kí oṣù kẹwàá ọdún náà tó parí, Peter ti kú sí ojú ogun ní tòsí Diksmuide.

Ẹni tí ó bá ń ṣe kàyéfì pé kí ni ó mú kí iṣẹ́ yìí gba ọdún 18 lọ́wọ́ obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ yá sí iṣẹ́ ọnà tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ọjọ́ náà ni kí ó rò. Ọ̀fọ̀ ń bẹ nínú iṣẹ́ náà, ẹ̀bi sì ń bẹ nínú rẹ̀. Ẹnu ìyá ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ.

Ohun kan tilẹ̀ wà tí yóò mú kí ara Yorùbá bù máṣọ. Ní ọdún 1903, nígbà tí Peter wà ní ọmọ ọdún 7, Käthe gbé e lé itan níwájú dígí, ó ń wo ara rẹ̀, ó sì ń ya àwòrán ìyá kan tí ó gbá òkú ọmọ mọ́ àyà. Ara ọmọ tí ó wà láàyè ni ó fi ya òkú náà. Àwòrán ọ̀hún lágbára púpọ̀. Ìyá inú rẹ̀ fi ojú bọ ọrùn ọmọ náà bí ẹranko tí kò fẹ́ kí a gba ọmọ lọ́wọ́ òun. Bí ó bá jẹ́ ní ilé Yorùbá ni, àwọn ìyá àgbà ì bá ti gba ohun ìyàwòrán lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ì bá sì ní kí ó tutọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti èèwọ̀ ni ó mú ọ̀rọ̀ yìí wá, bí kò ṣe láti fi hàn pé kò sí ohun tí Käthe kò lè fi ọwọ́ rẹ̀ yà nípa ikú ọmọ kí ikú ọmọ tó dé. Nígbà tí ó dé tán, ọwọ́ náà rọ.

Ní ìparí ọdún 1914 ni ó kọ́kọ́ gbèrò iṣẹ́ náà. Ohun tí ó ní lọ́kàn nígbà náà ni pé kí òkú Peter na gbalaja sórí ibùsùn òkúta, kí baba wà ní ìhà orí, kí ìyá wà ní ìhà ẹsẹ̀, kí ó sì jẹ́ ìyìn fún gbogbo àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fi ara wọn sílẹ̀ fún ogun. Ó ṣe é tì. Ní ọdún 1919 ó pa á tì pátápátá. Ìpatì yìí sàn ju kí ó ti parí rẹ̀ lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ogun, Käthe ṣì ń gbìyànjú láti gbàgbọ́ pé ẹbọ tí ó dára ni ọmọ òun rú, nítorí pé bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni òun fi ọmọ òun ṣe? Ère tí a bá gbẹ́ lórí irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ yóò dán, yóò sì purọ́. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹwàá ọdún 1918, ojú rẹ̀ ti là. Richard Dehmel, akéwì, pe àwọn ọkùnrin pé kí wọ́n tún jáde lọ jà. Käthe dá a lóhùn nínú ìwé ìròyìn pé àwọn tí ó kú ti tó. Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba kò lè padà sí ibi ère ìyìn mọ́.

Nígbà tí ó tún mú iṣẹ́ náà ní àárín àwọn ọdún 1920, ọmọ ti kúrò nínú rẹ̀. Àwọn òbí nìkan ni ó kù. Ní ọdún 1926, òun àti Karl lọ sí ibi tí a sin Peter sí, ní Roggevelde. Àgbélébùú igi kékeré ni wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n sì já òdòdó mẹ́ta lára igi ẹlẹ́gùn-ún kan, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti mọ ibi tí ère òun yóò kúnlẹ̀ sí, kò sì sí ìdí láti gbẹ́ òkú mọ́, nítorí pé òkú gan-an wà níbẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí ó ṣe sí iṣẹ́ yìí, yíyọ tí ó yọ ọmọ kúrò ni ó ga jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ère náà wàyí. Ìyá tẹ̀ síwájú, ó fi aṣọ bo ara láti èjìká dé ilẹ̀, ó tẹ orí ba, ọwọ́ rẹ̀ sì fa aṣọ náà mọ́ra. Ó dà bí òkúta tí odò ti yí kiri títí tí igun rẹ̀ fi tán. Baba ní tirẹ̀ nà ró lórí orúnkún; ó ká apá méjèèjì mọ́ àyà, ó di ara rẹ̀ mú bí ẹni tí òtútù ń mú, ó pa ẹnu dé, ó sì ń wo iwájú. Àwọn tí ó wá síbẹ̀ a máa fẹ́ràn ìyá jù, èyí kò sì yani lẹ́nu, nítorí ẹkún rẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n baba ni iṣẹ́ tí ó le jù. Nínú ère ìyá, ìbànújẹ́ ti rí ọ̀nà gbà jáde, ó ti tẹ ẹ̀yìn ba, ó ti rọ ọrùn. Nínú ti baba kò rí ọ̀nà rárá. Bí ọkùnrin yẹn bá tú apá rẹ̀ sílẹ̀, yóò wó. Òun sì ni ó kọ́kọ́ kọ̀; òun ni ó rí i ṣáájú. Kò sí ohun kan nínú ojú rẹ̀ tí ó ń bá ìyàwó rẹ̀ wí, síbẹ̀ kò wò ó.

Ìkúnlẹ̀ wọn náà tó ohun tí à ń sọ̀rọ̀ lé. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí à ń pè ní ìkúnlẹ̀ abiyamọ kò ní ṣàì rí i pé ìyá yìí kúnlẹ̀ ní ojú ikú bí ó ti kúnlẹ̀ ní ojú ìbí. Ère obìnrin tí ó kúnlẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn agbẹ́gilére Yorùbá. Ọmọ a máa wà lẹ́yìn rẹ̀, tàbí kí igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ó wá tọrọ tàbí ó wá dúpẹ́. Ti Vladslo kò mú igbá lọ́wọ́. Ní ti baba, ọkùnrin Yorùbá a máa dọ̀bálẹ̀ ni, kì í kúnlẹ̀. Lójú Yorùbá, nígbà náà, àjèjì ni ìkúnlẹ̀ rẹ̀, ó sì tilẹ̀ wúwo sí i nítorí bẹ́ẹ̀. Ta ni àgbà méjì ń kúnlẹ̀ fún? Ọmọ ọdún 18 ni. Ẹ̀bẹ̀ tí a bẹ̀ ní ọdún 1914 nítorí ọmọ ti wá yí padà di ẹ̀bẹ̀ tí a ń bẹ ọmọ.

Àlàfo wà láàrin wọn. Orí ìpìlẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni olúkúlùkù kúnlẹ̀ sí, apá kò kan apá. Ẹlòmíràn ì bá ti so wọ́n pọ̀, kí ọwọ́ ọkọ wà léjìká aya, kí àwọn olùwòran lè rí ìtùnú díẹ̀ mú lọ sílé. Käthe kò ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì tọ̀nà. Tọkọtaya tí ọmọ kú fún a máa sùn lórí ibùsùn kan náà, kí olúkúlùkù sì máa ṣọ̀fọ̀ tirẹ̀.

Àwọn kan lè béèrè bóyá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ ni. Amọ̀ ni Käthe fi mọ àwọn ère náà. Àwọn agbẹ́-òkúta méjì, August Rhades àti Fritz Diederich, ni wọ́n fi òòlù àti irin gbẹ́ wọn sára òkúta akọ tí a mú wá láti Bẹ́ljíọ̀mù. Bí ọwọ́ ẹlòmíràn bá gbẹ́ ìbànújẹ́ ẹni, ti ta ni ìbànújẹ́ náà? Ìbéèrè yìí kò lè dẹ́rù ba ẹni tí ó mọ ère ìbejì. Ní àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, babaláwo ni yóò dá Ifá, agbẹ́gilére ni yóò sì gbẹ́ igi. Ìyá kò ní fi ọwọ́ kan ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n ìyá ni yóò máa wẹ ère náà, tí yóò máa fi osùn pa á lára, tí yóò máa bọ́ ọ, títí imú àti ẹnu ère yóò fi jẹ tán. Kò sí ẹni tí yóò rí irú ère bẹ́ẹ̀ kí ó ní ti agbẹ́gilére nìkan ni. Ìyàtọ̀ kan ni pé ọwọ́ ìyá ni ó parí ti ìbejì, nígbà tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ìyá ni ó bẹ̀rẹ̀ ti Vladslo. Òkúta akọ sì ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú. Kì í gba fínfín kéékèèké bí igi. Kò gba omijé, kò gba irun orí. Gbogbo ohun tí amọ̀ lè sọ ní ìsọkúsọ ni ó gé kúrò, ohun tí kò ṣe é gé nìkan ni ó ṣẹ́ kù.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó le díẹ̀ ni pé bóyá ìtàn ni ó ń gbé òkúta náà ró. Ní Ẹ̀sìẹ́, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ère òkúta tí ó ju 1,000 lọ wà, ọkùnrin àti obìnrin lórí ìjókòó, tí kò sí ẹni tí ó mọ ẹni tí ó gbẹ́ wọn. Wọ́n níyì, ojú wọn sì jinlẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ilé ẹni kankan fúnni. Bí a bá gbàgbé orúkọ Kollwitz ní ẹgbẹ̀rún ọdún sí i, kí ni ère méjèèjì yóò sọ? Wọn kò ní sọ ti Peter, wọn kò sì ní sọ ti ẹ̀bẹ̀ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ yóò mọ̀ pé àgbà ni wọ́n, pé wọ́n pàdánù ohun tí ó kéré sí wọn lọ́jọ́ orí, àti pé wọn kò dárí ji ara wọn. Ìyẹn kì í ṣe kékeré fún òkúta.

Ibi tí ère náà wà ń ran iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, èyí sì hàn nínú àwọn àdàkọ. Ní àárín àwọn ọdún 1950, a kó àwọn òkú Roggevelde lọ sí Vladslo, ère sì bá wọn lọ. Ju 25,000 ọmọ-ogun lọ ni ó wà níbẹ̀, ogún orúkọ lórí òkúta pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan, orúkọ Peter sì wà níwájú baba. Àdàkọ rẹ̀ wà ní Köln, nínú àwókù ìjọ St. Alban tí ogun kejì bàjẹ́. Ó dára, ṣùgbọ́n ilẹ̀ lásán ni baba ń wò níbẹ̀. Èyí tí ó burú jù ṣẹlẹ̀ ní Berlin ní ọdún 1993, nígbà tí ìjọba mú ère idẹ kékeré mìíràn tí Käthe ṣe ní apá ìparí àwọn ọdún 1930, ti ìyá tí òkú ọmọ rẹ̀ wà láàrin orúnkún rẹ̀, tí wọ́n sọ ọ́ di ńlá, tí wọ́n sì gbé e sí Neue Wache fún ìrántí gbogbo òkú ogun. Ohun tí ènìyàn lè gbé sí orí tábìlì, tí ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ni a ní kí ó máa pariwo nínú gbọ̀ngán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú sí i nígbà náà, wọ́n sì jàre.

Ní oṣù keje ọdún 1932 ni a gbé ère méjèèjì dúró ní Roggevelde. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn Násì lé Käthe kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà ti ìjọba. Ní ọdún 1942, ọmọ Hans, tí a sọ ní Peter nítorí àbúrò baba rẹ̀, kú sí ojú ogun ní Rọ́ṣíà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1932, gbogbo èyí kò tíì dé. Käthe kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí ojoojúmọ́ rẹ̀ pé òun dúró níwájú ère ìyá, òun rí ojú ara òun, òun sunkún, òun sì fi ọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé Karl dúró tímọ́tímọ́ lẹ́yìn òun, àfi ìgbà tí ó gbọ́ ohùn rẹ̀ tí ń sọ jẹ́jẹ́ pé, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.