Kọ́kọ́rọ́ Méjì

Ọyẹ́ mú ní Jos lọ́jọ́ tí mo jókòó ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ sáìtì fún àwọn tó ń ta tòmátì ní Farin Gada. Paystack, iléeṣẹ́ tó ń báni gbowó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n fẹ́ máa fi gbowó, ilé onílé sì ni lójú sáìtì náà. Láti ayé buráúsà Netscape ni òfin kan ti wà: kóòdù ojúlé kan kò gbọdọ̀ ka èsì ojúlé mìíràn. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n fi kún un pé àfi tí onílé bá yọ̀ǹda. Tí ìbéèrè bá gbé Authorization dání, buráúsà á kọ́kọ́ rán OPTIONS lọ kanlẹ̀kùn: ẹ ǹlẹ́ o, ṣé a lè wọlé? Bí kúkì bá tún wà nínú ẹrù, àmì ìràwọ̀ (*) tó ń gba gbogbo àlejò láàyè kò tó. Àfi kí onílé dárúkọ àlejò gan-an nínú Access-Control-Allow-Origin. Ìwà ọmọlúàbí ni mo ka èyí sí, ó kàn ń múni bínú láàárín òru ni.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi kọ́kọ́rọ́ Paystack méjèèjì sí ló wú mi lórí jù. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pk_ wà ní gbangba. Èyí tó jẹ́ sk_ kò kúrò nínú sáfà tirẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń béèrè lọ́wọ́ Paystack bóyá owó wọlé lóòótọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá fi sk_ sínú JavaScript, ẹni tó bá tẹ F12 ti rí i nìyẹn."

Ó fẹ́ atẹ́gùn sí ọwọ́ rẹ̀ tó ti tutù, ó ń tẹ kóòdù rẹ̀ lọ.